Ta Ló Ni Iná Yìí?

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé òpin ọdún àwọn onílé àti ayálégbé àdúgbò wa, Sùúrùlérè, Èkó

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo kí yín o. Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lóòró lẹ́yìn gbọ̀ngàn nítorí pé àga ò tó, mo rí yín, ẹ kú ìdúró. Ọyẹ́ ti ń yọjú, òtútù tó ju aṣọ lọ kò ní mú wa. Èkó ò ní bàjẹ́ o!

(Àwọn èèyàn: Ó bàjẹ́ tì!)

Ẹ ṣeun. Akọ̀wé wa ló wá bá mi nílé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá, ọdún ti ń bọ̀, ẹ bá wa sọ fún àwọn ọmọ yìí kí wọ́n jáwọ́ nínú nọ́káàtì àti táyà sísun." Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Mo rò ó, mo tún un rò. N kò lè dúró níwájú yín kí n kàn ní "ẹ jáwọ́," nítorí pé iná wà lára ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. N kò sì lè ní "ẹ máa bá a lọ," nítorí ohun tí ojú mi rí ní 2002. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo wá gbé wá, òun náà ni màá sì máa bi yín títí n ó fi jókòó. Ta ló ni iná yìí?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Iná àgbàlá wa

Lafíàjì ni wọ́n bí mi sí, ní Erékùṣù Èkó, nínú agbo ilé tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí àgbàlá kan. Bí oṣù Kejìlá bá dé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sán ètè ọmọdé, ìdájí ni bàbá àgbà ilé wa máa ń dá iná sí àárín àgbàlá. Kò sí ìkòkò lórí rẹ̀. Iná tí a jọ ń yá ni, ìyẹn ni mo ṣe máa ń pè é ní iná àjọyá. Ọmọ Àgùdà, ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, gbogbo wa la ó yí i ká, a ó na àtẹ́lẹwọ́ sí i, imú wa á máa ṣàn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìdajì nínú àwọn àlọ́ tí mo mọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún bá ń parí, iná yẹn á wá tóbi. A ó kó àpótí tó ti fọ́ jáde, ìgbálẹ̀ tó ti gé kù, ẹní tó ti já, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Bàbá àgbà á gba nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Á yí i wò lọ́tùn-ún lósì. Èyí tó bá yẹ, á fi síná. Èyí tí kò bá yẹ, á dá a padà fún ẹni tó gbé e wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé bàtà rọ́bà kan wá lọ́dún kan, bàbá ò gbà á. Ó ní, "A ó yá iná yìí ni. Ohun tí yóò bá rùn sí ọmọ aráyé nímú kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́."

Ẹ fetí sí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá yẹn: garawa iyanrìn kan, garawa omi kan, àti ọ̀pá irin gígùn kan tó fi ń tún igi tò. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé òfin fún un. Bí àwọn yòókù bá ti lọ sí àìsùn ọdún tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun á jókòó tì í. Kì í dìde títí eérú á fi tutù. Bí àlejò bá wọ àgbàlá wa lóru yẹn tó béèrè pé ta ló ni iná yìí, ọmọ ọdún mẹ́ta á na ìka sí bàbá.

Iná ojú ọ̀run

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí iná lójú ọ̀run, ọmọ ọdún méje ni mí. Òru tí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ni, lọ́dún 1960. Lafíàjì ò jìnnà rárá sí Race Course, ibi tí a ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí. Èrò pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ ò gbèrò, bàbá mi bá gbé mi kọ́rùn. Nígbà tó di ọ̀gànjọ́, wọ́n sọ àsíá àwọn Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, wọ́n fa tiwa sókè, aláwọ̀ ewé àti funfun. Lẹ́yìn náà ni iná bẹ́ lójú ọ̀run. Àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè, ó ń tanná bí òdòdó, ó ń já bọ́ bí òjò. Mo di irun bàbá mi mú gírígírí, mo bú sẹ́kún. Bàbá mi gbójú sókè wò mí, ó ní, "Má sunkún. Tiwa ni."

Tiwa ni! Bàbá mi ti dáhùn ìbéèrè tí mo gbé wá síbí yìí kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń bi í.

Nígbà tí mo di olùkọ́ ni mo wá mọ ohun tó wà nínú iná yẹn. Ẹ̀tù ni, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ń rọ sínú ìbọn. Èédú, ìmí ọjọ́, àti iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní saltpetre ni wọ́n pò pọ̀. Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ pò ó, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Kí wọ́n tó mọ ẹ̀tù pàápàá, ọparun tútù ni wọ́n máa ń jù síná. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, ọparun á là gbàù, wọ́n sì gbà pé ìró náà ń lé ẹ̀mí burúkú lọ. Ní ti àwọ̀, bàbà ló ń gbé búlúù jáde, barium ló ń gbé àwọ̀ ewé, strontium ló ń gbé pupa. Àwọ̀ ìyeyè tí mo rí lọ́jọ́ yẹn, ara ohun kan tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ wa ló ti ń wá. Tí mo bá sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ojú wọn á là bí ẹni rí owó he.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìró ẹ̀tù ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á yin ṣákabùlà. Ẹni tó wà lóko á gbọ́, á ní, "Háà, ọdẹ kan ti lọ." Ìró yẹn ní ẹni tó ni ín, ó sì ní iṣẹ́ tó ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n ìró mìíràn tún wà tí Èkó mọ̀. Ìyá tó bí ìyá mi máa ń sọ ohun tí ìyá tirẹ̀ sọ fún un. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, 1851, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà, wọ́n kọjú àgbá sí ìlú. Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ náà dá a padà fún wọn. Nígbà tí yóò fi tó ọjọ́ mẹ́ta, Kòsọ́kọ́ ti sá kúrò ní Èkó, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Àwọn àgbà wa pe ogun náà ní Ogun Àgídíńgbì. Ẹ pè é lẹ́nu yín kí ẹ gbọ́ ọ: à-gí-díń-gbì! Ìró àgbá ló di orúkọ ogun. Wọn ò fi orúkọ ọba pè é, wọn ò fi orúkọ odò pè é. Ohun tí etí gbọ́ ni wọ́n fi pè é. Ìlú tó bá ń sọ ogun lórúkọ báyìí, ṣé ẹ rò pé etí rẹ̀ lè gbàgbé nǹkan?

Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn, ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá. A ó padà bá a.

Eré wa

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí pé a kò ní owó nọ́káàtì nígbà yẹn. A ó ha orí ìṣáná sínú ihò kọ́kọ́rọ́, a ó ti ìṣó bọ̀ ọ́, a ó so méjèèjì mọ́ okùn kan, a ó fi gbá ògiri. Gbàù! A ó tún ti iná bọ kànìnkànìn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, a ó so ó mọ́ wáyà, a ó máa fì í yíká; ìràwọ̀ á máa ta ká gbogbo àdúgbò. Ó dùn. N kò ní parọ́ fún àwọn ọmọ yìí pé kò dùn.

Ọmọkùnrin kan wà ní òpópónà wa tó gba kábáìdì lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà, ó ń fi agolo yìn ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dún, tí gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò dún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú sún mọ́ ọn láti wo ohun tó fà á. Ojú kan ló fi ń wo ayé láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn ilé la ti ń ṣe eré yẹn, níbi tí bàbá àgbà ò ti lè rí wa. Iná kan ṣoṣo ló lólúwa ní agbo ilé wa, èyí tó wà ní ẹ̀yìnkùlé kò ní.

Ọjọ́ tí ìró yí padà

Ẹ fún mi lómi díẹ̀... Ẹ ṣeun.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní, 2002. Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán. Mo ń lọ aṣọ tí n ó wọ̀ lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo gbọ́ gbì! Gíláàsì fèrèsé mi gbọ̀n. Mo ní bóyá táńkà epo ló bú. Gbì kejì, àwo jábọ́ lórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà, kò ṣeé kà mọ́. Ojú ọ̀run ní apá Ìkẹjà pọ́n bí ojú iná alágbẹ̀dẹ. Ibi tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí nínú bárékè Ìkẹjà ló gbaná. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ nígbà yẹn? Àwọn kan ní ogun ni. Àwọn kan ní àwọn sójà ń gbàjọba. Gbogbo ènìyàn bọ́ síta, wọ́n ń sáré, ẹni tó wà níwájú ò mọ ibi tó ń lọ, ẹni tó wà lẹ́yìn ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó nígbà yẹn mọ ibi tí ìsáré náà parí sí. Omi Òkè-Àfà. Ewéko ti bo ojú rẹ̀, nínú òkùnkùn ó rí bíi pápá. Wọ́n ń sáré wọ̀ ọ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń tẹ àwọn tó ti kó sí i mọ́lẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ yẹn, omi yẹn ló sì mú èyí tó pọ̀ jù, ọmọdé ló pọ̀ nínú wọn. Wọn ò jóná o. Ìró ni wọ́n ń sá fún.

Nígbà tí a padà sí kíláàsì, ọmọ méjì nínú àwọn ọmọ mi kò wá. N kò pa orúkọ wọn rẹ́ nínú ìwé ìpè. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan títí táàmù fi parí, bí mo bá pe orúkọ dé tiwọn, n ó dákẹ́ díẹ̀, n ó sì kọjá.

Ọdún yẹn ń yí lọ, oṣù Kejìlá dé. Ọmọ kan ní òpópónà wa ra báńgà, ó sọ ẹyọ kan ṣoṣo mọ́lẹ̀. Aládùúgbò mi kan, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, kò dúró wò ó. Ó gbé ìkókó, ó fa èyí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sá jáde sójú títì láìwọ bàtà, ó ń ké "Òkè-Àfà! Òkè-Àfà!" Ó ti sá dé ìkóríta kó tó rántí pé ọmọ òun kẹta ń sùn nínú ilé. Nígbà tí a mú un padà wá, tí ó rí ọmọ náà tó ṣì ń sùn, ó wólẹ̀ síwájú ẹní ọmọ náà, ó ní, "Mo fi ọ́ sílẹ̀. Mo fi ọ́ sílẹ̀." Ọmọ tó sọ báńgà náà dúró síta, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìṣáná ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ń sunkún. Kò mọ ohun tó ṣe.

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí ẹ bá rí àgbàlagbà tó fo sókè nítorí nọ́káàtì, tí ẹ sì rẹ́rìn-ín, ẹ rántí ìyá yìí. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ojo. Ó ti sanwó rẹ̀.

Lẹ́yìn 2002, nǹkan mìíràn tún kún un. Àwọn adigunjalè wà tí ìbọn wọn àti nọ́káàtì ò yàtọ̀ létí ẹni tó ń sùn. Bọ́ǹbù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ìlú, títí dé Àbújá lọ́jọ́ àyájọ́ òmìnira ní 2010. Ìró kan náà tí bàbá mi pè ní tiwa wá di ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá. Ọdọọdún ni àwọn ọlọ́pàá ń kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ tà á, a ò gbọdọ̀ yìn ín, wọ́n sì ń tọ́ka sí òfin ohun abúgbàù ti 1964. Ọdọọdún náà là ń gbọ́ ọ.

Kí ló dé tí ìkìlọ̀ ò fi tó? Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, 2012, ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Jánkárà, ní Erékùṣù Èkó, kò jìnnà sí ibi tí àgbá 1851 ti dún. Ibi tí wọ́n kó nọ́káàtì pamọ́ sí láàárín ilé àwọn èèyàn bú gbàù. Iná ran àwọn ilé tó yí i ká. Ó kéré tán, ẹnì kan kú, ọ̀pọ̀ ló farapa. Ohun tí a bá ní kò gbọdọ̀ wà, tí ọwọ́ ṣì ń wá a, abẹ́ ibùsùn ẹnì kan ni yóò wọ̀. Èrò tèmi nìyẹn. Ẹni tó ń gbé òkè ilé náà kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ta ló ni ín? Kò sí ẹni tó máa dáhùn.

Ní ìparí oṣù kan náà, ọdún 2012 kan náà, wọ́n ń yin iná aláràbarà ní Bar Beach níbi ayẹyẹ ìparí ọdún tí wọ́n ń pè ní Lagos Countdown, tí ọ̀pọ̀ èrò ń wòkè. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Èyí tó wà ní Bar Beach lólúwa, wọ́n mọ ẹni tó yìn ín, wọ́n mọ ibi tí èrò á dúró sí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé láti ìgbà náà, iná tó lólúwa túbọ̀ ń di ti ẹni tó lówó: ti òtẹ́ẹ̀lì, ti ayẹyẹ ìgbéyàwó, ti àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Sùúrùlérè, ọmọ Múṣin, ọmọ Bàrígà, orí fóònù ló ti ń wò ó.

Iná àwọn ẹlòmíràn

N ó sáré kọjá níbí. Mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù Kọkànlá lọ́dún kan. Ọjọ́ 5 oṣù náà, ó ní, "Màmá, ẹ wọ kóòtù, ẹ jẹ́ ká lọ wo iná." Ìtàn rẹ̀ ni pé ní 1605, Guy Fawkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àgbá ẹ̀tù 36 sí abẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí wọ́n lè fi pa Ọba James. Wọ́n mú Fawkes nídìí ẹ̀tù náà. Ìjọba ṣòfin pé kí gbogbo ìlú máa dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn lọ́dọọdún. Òfin ọ̀hún wà títí di 1859. Wọ́n ti fagi lé òfin náà, iná ò kú.

Ohun tó wọ̀ mí lójú ni okùn tí wọ́n ta yí iná ká, àti ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù ìyeyè tí kò kúrò nídìí rẹ̀. Mo bi ọmọ mi pé ta ló ni iná yìí, ó ní kánsù ni. Àwọn náà ṣì ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀ o. Láti 2004, òfin wọn ní kò gbọdọ̀ dún lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́, àyàfi ní òru díẹ̀ bí òru yẹn àti òru ọdún tuntun. Àwọn tó lọ sógun rí ń bẹ̀bẹ̀ pé kó dínkù, àwọn tó ń sin ajá náà ń bẹ̀bẹ̀. Ilé ìtajà Sainsbury's jáwọ́ nínú títà á ní 2019.

N kò sọ èyí kí a lè fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe àwòkọ́ṣe. Ọkùnrin ẹlẹ́wù ìyeyè yẹn, bàbá àgbà Lafíàjì ni mo rí lára rẹ̀. Ẹ wo Òṣogbo náà, níbi ọdún Ọ̀ṣun. Bí wọ́n bá tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún lálẹ́, wọn kì í fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Iná tó ní olùtọ́jú ni, kò sì sẹ́ni tó ń sá fún un.

Iná òpópónà wa

Ó wá ku tiwa. Ẹ̀yin ará ibí, ṣé ẹ mọ ihò tó wà ní ìkóríta wa yẹn, èyí tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń yà fún láàárọ̀, tí ó máa ń kún fún omi lásìkò òjò? Òjò kọ́ ló gbẹ́ ẹ. Táyà tí wọ́n sun níbẹ̀ lóru ọdún tuntun ló yọ́ ọ̀dà rẹ̀. Iná òru kan, a fi ọdún kan gbáko yà fún un.

Ìmí ọjọ́ tó wà nínú ẹ̀tù náà wà nínú táyà, torí òun ni wọ́n fi ń mú kí rọ́bà le. Ìdí nìyẹn tí èéfín rẹ̀ fi ń ta ni lọ́fun. Ọmọ tó ní ikọ́ fée wà nínú ilé mẹ́rin tí mo mọ̀ ní òpópónà yìí. Ìyá ọ̀kan nínú wọn fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn lọ́dún tó kọjá, ó gbé ọmọ rẹ̀ sínú balùwẹ̀ títí di aago mẹ́ta òru.

Lóru yẹn, èmi náà jáde. Mo wọ bùbá, mo so gèlè mọ́rí, mo lọ bá wọn nídìí iná. Àwọn ọmọkùnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn mìíràn nínú wọn ti jókòó ní kíláàsì mi rí. Mo ní, "Ẹ kú ọdún o." Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ta ló ni iná yìí?"

Ọ̀kan ní, "Ìyá, ti àdúgbò ni."

Mo ní, "Ta ni àdúgbò?"

Wọ́n dákẹ́. Ọ̀kan wá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin àgbà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó kù ti ti géètì. Tí a ò bá dáná, kí la fẹ́ fi mọ̀ pé ọdún ti yí?"

N kò rí èsì fún un. Mo padà sílé, n kò sì sùn. Gbogbo ìgbà tí mo ń bínú sí wọn, n kò béèrè ibi tí àga bàbá àgbà wà. Àwọn ọmọ yìí kò jí iná gbà lọ́wọ́ wa, àwa la dìde kúrò nídìí rẹ̀. A kọ́ géètì, a ra jẹnẹrétọ̀, a wọlé, a sì fi òru tó ṣe pàtàkì jù lọ́dún sílẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún láti dá mójú tó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Nọ́káàtì, n ó sọ ọ́ ní ṣókí: ẹ jọ̀wọ́, kó má dún ní òpópónà yìí mọ́. Mo ti sọ ìdí rẹ̀, ìdí náà ń gbé láàárín wa, ó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́jà wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù tí ilé èèyàn wà lókè rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ rántí Jánkárà.

Ní ti iná, ẹ jẹ́ ká dá a. Iná igi ni o. Kí ó wà lórí ilẹ̀ pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò omi, kí ó jìnnà sí abẹ́ wáyà iná mànàmáná, kí ó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti gálọ́ọ̀nù epo. Ẹni tó bá gbé táyà wá, tàbí ike, tàbí pákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, a ó dá a padà fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí iná bá fẹ́ ju agbára wa lọ, 767 tàbí 112 ni kí ẹ pè. Bí iná bá jó ẹnikẹ́ni, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín sí i. Bó bá pọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Gbágádà, ibẹ̀ ni ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí iná jó wà.

Àwọn tó ń lọ sí àìsùn, ẹ lọ, ẹ gbàdúrà fún wa, kí ẹ gba ọ̀dọ̀ wa kọjá tí ẹ bá ń bọ̀. Àwọn tí kì í lọ, ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ wá bá mi jókòó. Ọmọ tó bi mí léèrè lọ́jọ́ yẹn wà nínú gbọ̀ngàn yìí, mo ti rí i. N ó fẹ́ kó jókòó lápá ọ̀tún mi.

Láti aago mẹ́wàá alẹ́ ni n ó ti wà níbẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà nítòsí ọjà ti fún wa ní àjẹkù pákó rẹ̀, ó wà lẹ́yìn ilé mi. Mo ní àga méjì, mo ní garawa méjì, ọ̀kan ti iyanrìn, ọ̀kan ti omi. Ohun kan ló kù. Mo ń wá ọ̀pá irin gígùn kan tí n ó fi máa tún igi tò. Ta ló ní in?